Táìlì Àtẹ̀gùn Ilé Bàrúwà

Àtẹ̀gùn mẹ́ta péré ló wà níwájú ilé Bàrúwà ní Ìlaròó, síbẹ̀ Mẹ̀dínátù ìyàwó rẹ̀ ṣubú lórí wọn lẹ́ẹ̀mejì láàárín oṣù kan. Nígbà àkọ́kọ́, orúnkún rẹ̀ ló bó. Nígbà kejì, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ṣẹ́.

Ojú Mẹ̀dínátù ti ń ṣú díẹ̀díẹ̀ láti bí ọdún mẹ́ta. Dókítà ní ibi tó dé yẹn ni yóò dúró sí. Kò ní dára jù bẹ́ẹ̀ lọ, bóyá kò sì ní burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí ọwọ́ ṣẹ́, Roheemat ọmọ wọn wá láti Ayétòrò, ó kó aṣọ ìyá rẹ̀ sínú báàgì kan, ó mú un lọ sílé ọkọ rẹ̀.

Oṣù mẹ́ta kọjá. Ọwọ́ jinná. Mẹ̀dínátù kò padà.

Bàrúwà pè é lórí fóònù.

"Ìgbà wo lò ń bọ̀?"

"Ẹ fẹ́ kí ọwọ́ kejì náà ṣẹ́ ni?"

"Màá máa mú ọ lọ́wọ́ gòkè."

"Bàbá Roheemat, ṣé àpò gààrí ni mí, tí ẹ óò máa gbé wọlé gbé jáde? Ilé tí mi ò bá lè dá wọ̀ kí n dá jáde, kí ni mo fẹ́ ṣe níbẹ̀? Ọkọ Roheemat ti kun yàrá kan fún mi. Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù yìí, a ń bọ̀ wá kó ẹrù tó kù."

Ó pa fóònù.

Bàrúwà jáde, ó jókòó sórí àtẹ̀gùn. Ẹni ọdún méjìléláàádọ́rin ni. Ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta ló ti bá obìnrin náà gbé. Kò pariwo, kò sì pe ẹnì kankan láti bá a bẹ̀ ẹ́. Ó tẹ orí ba, ó ń wo ohun tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.

Táìlì amọ̀ ni, amọ̀ sísun tó pọ́n. Láti òdìkejì ààlà, ní Bẹ̀nẹ̀, ni wọ́n ti kó o wá. Ẹni tó tà á fún un ní Ifọ̀nyìntẹ̀dó kò pè é ní táìlì, kárò ló ń pè é, bí àwọn tó ń sọ Faransé. Fágbénró bíríkìlà ló tò ó sórí àtẹ̀gùn àti ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọdún tí Bàrúwà ti Mẹ́kà dé, ó ní kí Fágbénró fi fáníìṣì kùn ún, kó lè máa dán lójú àlejò. Ó dán lóòótọ́. Àwọn àlejò yìn ín. Láti ìgbà náà, Bàrúwà kò wò ó mọ́.

Ó wá ń wò ó báyìí. Ìpele òkè, ìpele ìsàlẹ̀, etí àti àárín, pupa kan náà ni gbogbo wọn. Ó di ojú kan, ó fi ìka ya ojú kejì sí bíńtín. Kò mọ ibi tí ìpele kan parí sí.

Ó ní bí etí ìpele kọ̀ọ̀kan bá ní àwọ̀ tirẹ̀, obìnrin náà á rí i. Kò tún nira mọ́.

Fágbénró ló kọ́kọ́ sọ ọ́ fún.

"Ọ̀dà ni, Bàbá. Ọ̀dà dúdú. Mo ń ṣe é tán ní wákàtí kan."

Ó ṣe é tán ní wákàtí kan. Lọ́jọ́ kẹrin, ọ̀dà náà ń bó bí èèpo àlùbọ́sà. Bàrúwà fi sanpépà àti karosíìnì ha fáníìṣì kúrò ní etí àtẹ̀gùn, wọ́n tún un kùn. Òjò kan rọ̀ sí i. Bàrúwà gbé ẹsẹ̀ lé e, ẹsẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ̀ lọ, bí ẹni tẹ ilá.

Fágbénró họ orí. "Ẹ jẹ́ ká kúkú kó gbogbo rẹ̀ dànù, ká fi táìlì ìgbàlódé sí i. Èyí tó ń dán bí dígí."

"Dídán ló gbé ìyàwó mi dé Ayétòrò. Máa lọ sílé."

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Bàrúwà lọ bu omi mu nínú àmù tó wà lẹ́yìn ilé. Àmù náà dúdú, ó dúdú dénú. Mẹ̀dínátù ló gbé e wá nígbà tó wọlé ìyàwó. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń fi kànìnkànìn fọ̀ ọ́. Bàrúwà fi èékánná ha á. Kò bó. Ó mú ọ̀bẹ, ó fi ha á. Kò bó. Ó da omi sí i lára, ó fi ọwọ́ pa á. Kò yọ̀.

Amọ̀ ni àmù. Amọ̀ ni táìlì. Kí ló wá wà lára ọ̀kan tí kò sí lára èkejì?

Ìbéèrè náà kò jẹ́ kó fi ara balẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ki táìlì méjì tó ti ṣí nílẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ sínú àpò, ó gun ọ̀kadà, ó di Ìgbógìlà.

Obìnrin kan wà níbẹ̀ tó ń mọ ìkòkò, Àṣìkẹ́ lorúkọ rẹ̀. Ó bá a níbi tó jókòó sí, ẹsẹ̀ méjèèjì nà sílẹ̀, tó ń fi ọmọ òkúta ra ikùn ìṣaasùn kan kó lè jọ̀lọ̀. Bàrúwà kí i, ó gbé táìlì lé e lọ́wọ́, ó ro ẹjọ́.

Àṣìkẹ́ fi ìka kan táìlì, ó tẹ́tí sí i. Ó yí i padà, ó fi ahọ́n tọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ wò. Ahọ́n lẹ̀ mọ́ ọn.

"Ó ń mu omi. Ó ṣì lè mu nǹkan mìíràn." Ó tọ́ iwájú rẹ̀, ó tutọ́ dànù. "Kí lẹ fi sí i?"

"Fáníìṣì."

"Ta ló rán yín?"

"Mo ti Mẹ́kà dé ni."

Àṣìkẹ́ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ẹ ti Mẹ́kà dé, ẹ wá fi ike bo amọ̀ lẹ́nu. Báwo ló ṣe fẹ́ mu nǹkan? Bàbá, àwọ̀ tí ẹ ń wá yìí, iná ló ń fún ni. Ẹ ò lè fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún."

"Táìlì ti wà nílẹ̀."

"Ẹ hú u. Mélòó ló wà ní etí?"

"Mẹ́jọ ní ìpele kan. Mẹ́rìnlélógún ni gbogbo rẹ̀."

"Ẹ hú ọgbọ̀n."

"Kí ni mẹ́fà yòókù wà fún?"

"Ti iná nìyẹn. Iná náà á jẹ tirẹ̀."

Ó kọ́ ọ ní ohun tó máa rẹ sílẹ̀: èèpo gígùn tí wọ́n ń bọ́ wóró irúgbá kúrò nínú rẹ̀ kí wọ́n tó fi ṣe irú. Èèpo náà ni ó máa rẹ sómi fọ́jọ́ mẹ́ta, kó wá sè é títí yóò fi dúdú tí yóò sì korò. Ó ní òun ń bọ̀ lọ́jà Ìlaròó lọ́jọ́ márùn-ún òní, òun á yà.

Bàrúwà fi òòlù àti ìrin ṣóńṣó hú táìlì fúnra rẹ̀. Ó gba ọjọ́ méjì. Ó rẹ èèpo, ó sè é. Omi náà dúdú bí tíì tí wọn kò fi mílíìkì sí. Ó tọ́ ọ wò, ẹnu rẹ̀ sì pa pọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́.

Àárọ̀ ọjọ́ ọjà ni Àṣìkẹ́ dé. Wọ́n to táìlì sórí òkúta lẹ́yìn ilé, wọ́n kó igi àti imọ̀ ọ̀pẹ gbígbẹ yí i ká, wọ́n dá iná sí i jẹ́jẹ́. Fáníìṣì ló kọ́kọ́ jó. Òórùn rẹ̀ lé ewúrẹ́ aládùúgbò kúrò nídìí ògiri. Nígbà tó ṣe, táìlì kan là pàù nínú iná.

"Ẹ máa kà á," ni Àṣìkẹ́ wí. "Ọ̀kan."

Kí iná tó rẹlẹ̀, ó ti di márùn-ún.

Àṣìkẹ́ fi igi tútù méjì mú táìlì kan, ó gbé e bí ó ti ń pọ́n yòò, ó rì í bọ omi èèpo. Omi náà hó, ó pariwo. Nígbà tó fi máa gbé e jáde, táìlì ti di àwọ̀ mìíràn. Pupa rẹ̀ ti lọ. Ó ṣókùnkùn rẹ́súrẹ́sú bí awọ bàtà àtijọ́, ojú rẹ̀ kú, kò dán.

Bàrúwà súnmọ́ ọn. "Bí mo bá da omi yìí sí i bó ṣe tutù ńkọ́?"

"Ẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó lọ. Gbígbóná ni amọ̀ fi ń la ẹnu."

Ó mú òmíràn, kò rì í bọ omi. Ó gbé e sórí èèpo gbágùúdá gbígbẹ, ó kó èèpo sí i lórí, ó da agbada kan dé e. Èéfín ń yọ lábẹ́ rẹ̀. Wọ́n dúró. Nígbà tó ṣí i, táìlì náà dúdú biribiri. Bàrúwà fi aṣọ nù ún. Kò sí ohun tó lẹ̀ mọ́ aṣọ.

Wọ́n fi èéfín sọ ọ̀kan nínú àwọn tó ti là di dúdú, ó fọ́ ọ wò. Ó fẹ́ mọ ibi tí dúdú náà wọ̀ dé. Ó wọ̀ ọ́ dé ìwọ̀n èékánná. Lábẹ́ rẹ̀, pupa.

"Ẹ wá di ọmọ iléèwé lọ́jọ́ ogbó," ni Àṣìkẹ́ wí. Ṣùgbọ́n òun náà bẹ̀rẹ̀ wò ó.

Wọn kò jiyàn lórí èyí tí wọ́n máa mú. Lójú amọ̀kòkò, ìkòkò pupa kò tíì parí. Dúdú ni ìparí iṣẹ́. Bàrúwà pàápàá, àmù dúdú ló gbé e dé Ìgbógìlà. Wọ́n sọ mẹ́rìnlélógún di dúdú. Fágbénró wá, ó fi sìmẹ́ńtì tò wọ́n sí etí àtẹ̀gùn, ó sún sẹ́yìn, ó wò ó.

"Bàbá, ó rẹwà. Mi ò purọ́."

Bàrúwà dá lọ dá bọ̀ lórí rẹ̀ nígbà mẹ́wàá. Kò yọ̀. Etí kọ̀ọ̀kan hàn gbangba. Ó dúró de Sátidé.

Sátidé pé. Roheemat mú ìyá rẹ̀ wọ àgbàlá. Mẹ̀dínátù tín-ínrín sí i díẹ̀, ṣùgbọ́n ìrìn rẹ̀ kò yí padà. Ó kí ọkọ rẹ̀, ó kọjú sí ilé. Bàrúwà sún sẹ́yìn fún un. Ó fẹ́ kó bá a lójijì.

Mẹ̀dínátù dé ìdí àtẹ̀gùn, ó dúró. Ó na ẹsẹ̀ kan, ó fà á padà.

"Ta ló gbẹ́ kòtò síbí?"

"Kò sí kòtò," ni Bàrúwà wí.

"Kòtò mẹ́ta ni mo rí. Ọ̀kan nìyí, òmíràn ló tẹ̀ lé e."

"Àwọ̀ ni mo fi sí etí rẹ̀, kí o lè rí i."

"Mo rí i. Ṣé mo ní mi ò rí i? Kòtò ni."

Roheemat wo àtẹ̀gùn, ó wo bàbá rẹ̀. "Bàbá, ẹ ṣe gudugudu méje o. Ṣùgbọ́n ẹ rí ohun tí à ń wí?" Ó fo àtẹ̀gùn kọjá, ó wọlé lọ di ẹrù.

Mẹ̀dínátù jókòó sórí bẹ́ńṣì lábẹ́ igi máńgòrò. Bàrúwà dúró lójú kan. Ó ń gbọ́ bí Roheemat ṣe ń ṣí àpótí nínú ilé. Ó rìn dé ibi bẹ́ńṣì, ó jókòó ti ìyàwó rẹ̀.

"Kí lo máa ń rí?"

Mẹ̀dínátù yíjú sí i. "Ọdún kẹta rèé. Òní lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bèèrè."

"Òní ni."

Ohùn Mẹ̀dínátù rọ̀.

"Mo ń rí gààrí nínú abọ́ dúdú. Mi ò rí ẹran tó wà nínú ọbẹ̀, ṣíbí ni mo fi ń wá a kiri. Mo ń rí fìlà yín tó funfun. Ojú tó wà lábẹ́ fìlà, mo mọ̀ ọ́n lórí ni. Ohunkóhun tó bá dúdú nílẹ̀, ó jìn lójú mi."

"Lọ́jọ́ tí ọwọ́ ṣẹ́ ńkọ́?"

"Oòrùn wà lórí àtẹ̀gùn. Ó ń dán. Mo rò pé ẹnì kan ti da omi síbẹ̀. Mo gbé ẹsẹ̀ fò ó."

Bàrúwà tẹjú mọ́lẹ̀. Ó dìde, ó lọ sẹ́yìn ilé, ó kó àfọ́kù táìlì wá. Ó to mẹ́rin sílẹ̀ níwájú rẹ̀: pupa tó ní fáníìṣì, rẹ́súrẹ́sú tó mu omi èèpo, dúdú, àti ọ̀kan tó là sí méjì lójú iná, tó wà níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wọlé, tí kò mu omi èèpo tí kò sì rí èéfín. Ìyẹn ti ṣá, ó mọ́lẹ̀ bí ẹ̀pà tí wọ́n bó.

"Èwo lo rí?"

"Ẹ sún mi sẹ́yìn."

Wọ́n jọ sún sẹ́yìn, ẹsẹ̀ mẹ́ta, ẹsẹ̀ mẹ́fà. Mẹ̀dínátù na ìka. "Ìyẹn." Ẹ̀pà bíbó ló nà án sí. Bàrúwà yí wọn padà, ó pa wọ́n pọ̀ mọ́ra. Ó tún nà án síbi kan náà. Ó yí wọn padà lẹ́ẹ̀kan sí i.

"Ẹ̀yin ọkùnrin yìí, ṣé ìdánwò ìwé mẹ́fà ni?" Ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ló dìde, tó mú àwọ̀ ẹ̀pà, tó tò ó ti rẹ́súrẹ́sú. Ó tún sún sẹ́yìn. "Ẹ wá wò ó. Ibí yìí ni ọ̀kan parí, ibí ni èkejì bẹ̀rẹ̀. Mo rí ìlà àárín wọn."

"Èyí tó ṣókùnkùn kò jìn?"

"Kò jìn tó ti dúdú. Ilẹ̀ lásán ni."

Roheemat jáde, ó gbé àpótí lérí. "Màmá, mo ti dì í tán."

"Tú u," ni Bàrúwà wí.

"Bàbá..."

"Fi sílẹ̀," ni Mẹ̀dínátù wí. Ó kọjú sí ọkọ rẹ̀. "Ọjọ́ mẹ́jọ òní. Tí mo bá tún rí kòtò, mi ò ní dúró kí ẹ tún to nǹkan kan sílẹ̀ fún mi kà."

Lọ́jọ́ Àìkú, Bàrúwà pe Àṣìkẹ́ lórí fóònù.

"Mo fẹ́ kí dúdú náà lọ."

"Dúdú wo?"

"Mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlélógún."

"Irú dúdú yẹn, mo lè mọ ìkòkò fún oṣù kan kí n má rí i."

"Mo mọ̀."

"Ó dùn mí o."

"Ó dun èmi náà."

Àṣìkẹ́ kẹ́dùn, ó wá sọ bó ṣe máa ṣe é fún un. Kó má bò ó. Kó lo oparun gbígbẹ tí kò ní èéfín. Kó to táìlì lóròó, kí wọ́n jìnnà síra, kí atẹ́gùn lè gba àárín wọn. Kó dúró títí táìlì fúnra rẹ̀ yóò fi pọ́n bí ẹyin iná. "Tí ẹ bá kánjú yọ ọ́, á ṣì ṣókùnkùn."

Bàrúwà nìkan ló hú wọn, òun nìkan ló sì sun wọ́n lọ́tẹ̀ yìí. Ó jókòó sórí àpótí, ó ń wo dúdú. Fún ìgbà pípẹ́, kò sí nǹkan kan. Nígbà tó yá, etí ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ sí í dà bí eérú. Eérú náà rìn wọ àárín, bí omi ṣe ń rìn nínú aṣọ. Lẹ́yìn rẹ̀ ni pupa yọ. Ó súnmọ́ ọn títí irùngbọ̀n rẹ̀ fi rùn. Ó ń wá ibi tí dúdú náà gbà lọ. Kò di èéfín tó ṣeé rí. Kò jábọ́ sílẹ̀. Ó kàn wà, kò sì sí mọ́. Ó ní ọjọ́ tí òun bá tún rí Àṣìkẹ́, òun á bi í.

Nígbà tí wọ́n tutù, wọ́n mọ́lẹ̀ bí ẹ̀pà. Ó hú mẹ́rìnlélógún tó wà lẹ́yìn etí àtẹ̀gùn, ó sun wọ́n, ó rì wọ́n bọ omi èèpo. Mẹ́ta fọ́. Ó hú mẹ́ta lábẹ́ àga ara rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó fi dí i. Fágbénró tò wọ́n, kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọjọ́ tó ṣẹ́ kù, Bàrúwà kúnlẹ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú sanpépà àti karosíìnì, ó ń ha fáníìṣì Mẹ́kà. Ẹ̀yìn rẹ̀ ro ó. Ní Jímọ̀, ibi kankan kò dán mọ́ nílé náà.

Sátidé, ọ̀sán gangan, wọ́n dé. Oòrùn wà lórí àtẹ̀gùn.

Bàrúwà dúró lókèèrè, ó káwọ́ sẹ́yìn. Mẹ̀dínátù rìn dé ìdí àtẹ̀gùn, ó dúró. Roheemat na ọwọ́ láti dì í mú. Ó gbá ọwọ́ náà dànù. Ó tẹjú mọ́ ilẹ̀, ó gbé orí sọ́tùn-ún, ó gbé e sósì. Ó gbé ẹsẹ̀ lé ìpele àkọ́kọ́. Ó gbé e lé èkejì. Ó gbé e lé ẹ̀kẹta, ó sì wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Kò wọlé. Ó yí padà. Ìgbà tó ń sọ̀kalẹ̀ ló ṣubú tẹ́lẹ̀, lẹ́ẹ̀mejèèjì. Obìnrin náà wo ìsàlẹ̀ pẹ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀, ọ̀kan, ọ̀kan, láìdi ohunkóhun mú. Nígbà tó dé ilẹ̀, ó tún kọjú sókè, ó tún gùn ún. Lọ́tẹ̀ yìí, ó yára.

"Bàbá Roheemat."

"Mo ń gbọ́."

"Ìpele kejì, lápá ọ̀tún. Ọ̀kan ṣókùnkùn níbẹ̀."

"Mo kánjú yọ ọ́ ni."

"Ẹ máa tún un ṣe?"

"Ní ọ̀la."

"Kì í ṣe ọ̀la. Ọ̀la, ẹ ń bá Roheemat lọ sí Ayétòrò lọ kó ẹrù mi wá, báàgì náà ti pọ̀ jù fún un. Ọ̀túnla ni kí ẹ ṣe é." Ó ti kọjá ìloro kó tó parí ọ̀rọ̀. Ohùn rẹ̀ jáde láti inú ilé. "Ta ló jẹ́ kí aṣọ fèrèsé mi rùn fún èéfín báyìí?"